AA nìkan ò tó o: ọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò jíìnì àwọn dónọ̀

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó fẹ́ gba àtọ̀ tàbí ẹyin lọ́wọ́ dónọ̀ ni "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé èsì àyẹ̀wò dónọ̀ yẹn dáa?" Èmi náà á wá bi wọ́n pé, ó dáa fún ta ni? Wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó fẹ́ fọgbọ́n gbowó lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè gidi ni mò ń bi wọ́n o. Iṣẹ́ mi nìyẹn, kánsẹ́lọ̀ ni wọ́n ń pè wá, mo máa ń jókòó ti àwọn tó fẹ́ fi àtọ̀ tàbí ẹyin tọrẹ, màá gbọ́ ìtàn ìdílé wọn látòkè délẹ̀, màá ṣàlàyé èsì fún wọn, màá tún lọ jókòó ti àwọn tó fẹ́ gbà á, torí pé èsì jíìnì, ìyẹn àwọn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, kì í dá sọ̀rọ̀, ẹni méjì ló ń bímọ, èsì àwọn méjèèjì la sì gbọ́dọ̀ fi síra wọn ká tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo wa ti mọ̀nà. Ẹ mọ AS pẹ̀lú AS. Oyún kọ̀ọ̀kan tó bá dúró láàárín wọn, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kó jẹ́ SS, ìdá méjì pé kó jẹ́ AS bíi tiwọn, ìdá kan tó kù pé kó jẹ́ AA. Kì í ṣe pé tí wọ́n bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ló máa ní fòníkú-fọ̀ladìde, oyún kọ̀ọ̀kan ló ń ta tẹ́tẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀, èèyàn lè bí mẹ́ta kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ SS. Ohun tí kò tíì yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ètò yìí kan náà ló wà nídìí àìmọye àrùn míì tí wọn ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Cystic fibrosis ńkọ́, tó máa ń jẹ́ kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ki, tí ọmọ ò ní lè mí dáadáa. Spinal muscular atrophy, SMA la máa ń pè é, tó máa ń gba agbára lára ọmọ díẹ̀díẹ̀, àwọn míì ò ní lè jókòó láé, àwọn míì ẹ̀rọ ló máa bá wọn mí. Tay-Sachs tó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Tàlàsímíà, tí ara kì í fi í lè ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa tó. Nínú gbogbo wọn, ara bàbá le, ara ìyá le, kálukú kàn gbé ẹ̀dà kan tó bàjẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà kan tó dáa, èyí tó dáa ń bo èyí tó bàjẹ́ láṣìírí, àfìgbà tí méjì tó bàjẹ́ bá lọ pàdé lára ọmọ.

Torí náà tẹ́nì kan bá gbé bébà wá pé "mà, AA ni dónọ̀ wa o", inú mi máa ń dùn, ṣùgbọ́n jíìnì ẹyọ kan ṣoṣo ni bébà yẹn ń sọ̀rọ̀ lé lórí, èèyàn sì ní nǹkan bí 20,000. Lórí ẹyọ kan yẹn gan-an, ẹ tún bi wọ́n irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Èyí tí wọ́n kàn fi ń wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ máa tẹ̀ bíi dòjé, kò lè rí ẹ̀jẹ̀ onílẹ́tà C, bẹ́ẹ̀ AS pẹ̀lú AC lè bí SC, àìsàn gidi nìyẹn náà. Ẹni tó gbé tàlàsímíà lè mú èsì tó jọ AA wá tí wọn ò bá wo ìyókù, bí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ṣe tóbi tó àti iye HbA2, irú èròjà pupa kan, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bébà kúkúrú tó ní lẹ́tà méjì lórí kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́ láyé yìí.

Láyé àtijọ́, ẹ̀yà lọ́wọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò, ẹ̀jẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú, cystic fibrosis fún òyìnbó, Tay-Sachs fún àwọn Júù tó wá láti Yúróòpù. Ìyẹn ti tán. Àwọn èèyàn ti fẹ́ra wọn káàkiri, ojú ò lè sọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, torí náà ọ̀pọ̀ láàbù ti wá ní àyẹ̀wò ńlá tó ń wo jíìnì tó ju 100 lọ lẹ́ẹ̀kan, òmíì ju 500 lọ. Tí wọ́n bá fi irú ẹ̀ yẹ èmi àti ẹ̀yin wò, ó ṣòro kó má rí ohun tá a gbé, ẹyọ kan ó kéré tán. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ pé dónọ̀ tó bá ti gbé nǹkankan, ẹ lé e dànù. Ẹ lé e dànù kẹ̀? Tá a bá ń lé wọn báyẹn, kò ní sí dónọ̀ kankan tó máa ṣẹ́ kù. Dónọ̀ tó gbé SMA lè jẹ́ dónọ̀ tó dáa jù lọ fún ẹni tí kò gbé SMA. Dónọ̀ kan náà yẹn, tẹ́ ẹ bá gbé e fún ẹni tí òun náà gbé e, ẹ ti dá ìdá kan nínú mẹ́rin yẹn sílẹ̀ fúnra yín.

Ibi tí wọ́n sì ti máa ń ṣì í jù nìyí. Tọkọtìyàwó á wá, ẹyin dónọ̀ ni wọ́n fẹ́ lò pẹ̀lú àtọ̀ ọkọ, wọ́n á ti lọ náwó yẹ jíìnì ìyàwó wò láti orí dé àtàǹpàkò. Ìyàwó ló máa gbé oyún lóòótọ́, ká yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ká wo ṣúgà, ká wo ilé ọmọ, gbogbo ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an, ṣùgbọ́n jíìnì tiẹ̀ ò sí nínú ìṣirò ọmọ yẹn. Ọkọ àti dónọ̀ la máa fi síra wọn. Tó bá jẹ́ àtọ̀ dónọ̀ ni, ìyàwó ló kàn. Tó bá jẹ́ pé àtọ̀ àti ẹyin méjèèjì ló jẹ́ ti dónọ̀, dónọ̀ méjèèjì la máa fi wéra, àwọn tí kò tíì ríra wọn rí, tí wọn ò sì ní ríra wọn láé. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, àwa là ń bá wọn ṣe "ṣé jẹ́nótáìpù yín bára mu" tí àwọn olólùfẹ́ máa ń ṣe.

Àyẹ̀wò tọkùnrin àti tobìnrin ò tún rí bákan náà. Nínú kúrómósómù, okùn tí jíìnì wà lórí rẹ̀, ọkùnrin ní X kan àti Y kan, obìnrin ní X méjì. Tí ọkùnrin bá gbé hemophilia, ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dá yẹn, tàbí Duchenne tó ń jẹ iṣan ara, lórí X kan ṣoṣo tó ní, ó sábà máa ń hàn lára rẹ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ wa pé òun fẹ́ tọrẹ. Obìnrin ní tiẹ̀ lè máa gbé e kiri kí ara rẹ̀ le koko, X kejì ń gbà á sílẹ̀, àfìgbà tó bá bí ọkùnrin, ìdajì ni pé kí ọmọ náà gba èyí tó bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹni tó fẹ́ fẹyin tọrẹ fi máa ń gùn ju ti ọkùnrin lọ, kì í ṣe pé à ń fìyà jẹ obìnrin.

Èyí tó gba àlàyé jù nínú wọn ni fragile X. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ FMR1, nínú rẹ̀ lẹ́tà mẹ́ta kan, CGG, ń tún ara wọn kọ léraléra. Tí iye ìgbà tí wọ́n tún ara wọn kọ ò bá tíì pé 45, ẹ lọ sùn. Láti 55 dé 200, ara ẹni náà lè dá ṣáká, ṣùgbọ́n tí obìnrin bá ń gbé e fún ọmọ, iye yẹn lè máa wú, tó bá ti kọjá 200 jíìnì náà á pa bíi iná, ọmọ á wá ní fragile X, tó jẹ́ pé òun ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ máa ń jogún tó ń fa ìṣòro òye àti ẹ̀kọ́. Tí bàbá bá ń gbé e fún ọmọbìnrin rẹ̀, kì í sábà wú bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fẹyin tọrẹ la sábà máa ń yẹ̀ wò fún un, torí náà.

Ọmọbìnrin kan jókòó síwájú mi nígbà kan, mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn ẹ̀ kẹ́nikẹ́ni má bàa dá a mọ̀. Gbogbo àyẹ̀wò ẹ̀ ló dáa, àfi pé iye CGG ẹ̀ wọ àárín 55 sí 200 yẹn. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní lè lo ẹyin mi nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní lè lò ó, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ lọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ pè ẹ́. Nǹkan bí ẹyọ kan nínú márùn-ún lára àwọn obìnrin tó gbé irú iye yẹn, ẹyin tiwọn máa ń tán kí wọ́n tó pé 40. Ó ń yí ìdérí bírò mọ́ka, ó wá ní "Ṣé kí n tètè bímọ ni, àbí kí n kó tèmi pa mọ́ sínú yìnyín ná?" Ẹ wo ọ̀rọ̀. Ọmọ ẹlòmíì ló bá wá o, ọ̀rọ̀ ọmọ tiẹ̀ ló wá já lé e lórí. Mi ò sọ fún un pé ṣe báyìí, má ṣe báyìí, wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ohun tí mo lè ṣe ni kí n ṣàlàyé gbogbo ọ̀nà tó wà nílẹ̀, kí n sì júwe dókítà tó máa bá a wo iye ẹyin tó ṣẹ́ kù. Nígbà tá a wá ya igi ìdílé ẹ̀ tán ló rántí pé bàbá ìyá òun, ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé kò lè gbé kọ́ọ̀bù dẹ́nu, ìrìn ẹ̀ ò sì dúró. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń mú kí arúgbó gbọ̀n o, a ò lè fìyẹn dájọ́, ṣùgbọ́n jíìnì yìí kan náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà ọkùnrin tó bá gbé e, bàbá tó bá sì gbé e, gbogbo ọmọbìnrin ẹ̀ ló máa gbà á. Àwọn àǹtí ẹ̀ ńkọ́? Àwọn àbúrò ẹ̀ ńkọ́? Òun nìkan ló lè lọ bá wọn sọ ọ́, àwa ò lè pe ẹbí kankan. Ohun tí fọ́ọ̀mù ò lè ṣe nìyẹn. Ibi tó bá ń fi èsì ránṣẹ́ sí dónọ̀ lórí fóònù pé "ẹ má bínú, a ò lè gbà yín", tí kò sí ẹni tó máa jókòó tì í, ìwà ìkà ni mo ka ìyẹn sí.

Igi ìdílé tí mo dárúkọ yẹn, ìran mẹ́ta la máa ń yà, ìgun mẹ́rin fún ọkùnrin, róbótó fún obìnrin, a ó fa ìlà sọdá lórí ẹni tó ti kú. Ẹnu ìlà yẹn niṣẹ́ wà. Màá bi ọ̀dọ́kùnrin kan pé kí ló pa àbúrò bàbá yín, á ní "ó kàn kú lójijì ni, mà." Ọmọ ọdún mélòó? "Kò tíì pé ọgbọ̀n." Kí ló ń ṣe lọ́wọ́? "Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá." Háà. Ibẹ̀ ni mo máa ń ju bírò sílẹ̀, torí pé ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n kì í ṣubú kú lórí pápá lásán, ó lè jẹ́ ọkàn tí iṣan ẹ̀ ki jù, àìsàn tí ẹ̀dà ẹyọ kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ti tó láti fà, kò nílò kí bàbá àti ìyá pàdé rárá. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, àwọn dókítà kọ ọ́ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 23 tí kò mọ̀ pé nǹkankan ń ṣe òun, ó fi àtọ̀ tọrẹ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọmọ 24 ló wá láti ara ẹ̀, méjì nínú wọn ni ìyàwó ẹ̀ bí fún un, mẹ́sàn-án nínú àwọn 24 yẹn ló gba jíìnì ọkàn yẹn, ọ̀kan kú ní ọmọ ọdún méjì. Tí irú ìtàn báyìí bá jáde lẹ́nu dónọ̀, a máa ní kó lọ ṣe àwòrán ọkàn ná. Ti ọ̀dọ́kùnrin tí mo bi léèrè yẹn ńkọ́? Èsì ẹ̀ ò kàn yín, ẹ jẹ́ kó wà láàárín èmi àti ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá rò pé tí àyẹ̀wò bá ti pọ̀ tó, kò séwu mọ́, ẹ fi sùúrù díẹ̀ sí i. Kò sí èsì tó ní "kò sí rárá". Ohun tó ń sọ ni pé ó ti dín kù gan-an. Àpẹẹrẹ kan, àyẹ̀wò SMA máa ń ka iye ẹ̀dà jíìnì SMN1 tó wà lára èèyàn, méjì ló yẹ kí ó rí, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹ̀dà méjèèjì tiwọn wà lójú kan, òdìkejì ṣófo, àyẹ̀wò á ní méjì pé, ó dáa, bẹ́ẹ̀ kárìà ni ẹni náà, ẹni tó gbé e láìṣàìsàn. Òmíì tún wà tó jẹ́ pé láàbù rí àyípadà kan nínú jíìnì, kò sì tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ń ṣèpalára. Àti pé kódà tí jíìnì àwọn méjèèjì bá dán gbinrin, nǹkan bí ọmọ mẹ́ta nínú 100 ló máa ń ní àbùkù ara kan nígbà tí wọ́n bá bí wọn, bó ti wù kí wọ́n ti lóyún wọn.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló ba èmi gan-an lẹ́rù. Dónọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni, ara ẹ̀ le, wọ́n yẹ ẹ́ wò bí òfin ṣe wí. Apá kan nínú àtọ̀ ẹ̀, tí ò ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ló ní àyípadà nínú TP53, jíìnì tó yẹ kó máa ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kó má bàa di jẹjẹrẹ. Kò sí nínú ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì ara ẹ̀ tó kù, ìyẹn lòun fúnra ẹ̀ ò fi ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gbà á, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ọmọ náà ló máa wà. Ìdílé méjì ló kọ́kọ́ lọ sọ fún kíliníìkì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pé ọmọ àwọn ní jẹjẹrẹ. Ní May 2025 tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbi ìpàdé àwọn onímọ̀ jíìnì ní Mílànù, ọmọ 67 ni wọ́n ti mọ̀, 23 gbé e, 10 ti ní jẹjẹrẹ. Nígbà tó máa fi di December ọdún yẹn, àwọn akọ̀ròyìn ti kà á dé 197, ní orílẹ̀-èdè 14. Mo ti ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń bú àwọn tó ṣàyẹ̀wò ẹ̀. Èmi ò ní bú wọn torí ìyẹn, àyẹ̀wò kárìà tá à ń ṣe fún dónọ̀ kì í wo TP53, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè má sì fi hàn pàápàá. Ohun tí mo bínú sí ni 197. Ẹ̀yin ò lè rí gbogbo nǹkan tán, ó yé mi, kí ló wá dé tẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni kan bímọ tó tó abúlé?

Òfin wà lórí iye o, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ka tiẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé 10 ni dónọ̀ kan lè bímọ fún. Ní Denmark, 12, wọ́n ṣe é lọ́dún 2012. Ní Amẹ́ríkà kò sí òfin gbogboogbò lórí ẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí ìbímọ kàn dábàá pé kó má kọjá ọmọ 25 láàárín èèyàn 800,000. Àtọ̀ inú yìnyín sì ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, tó bá ti kọjá bọ́dà, kíkà tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi ilé ìwòsàn tàbí báńkì àtọ̀ ní ìbéèrè kan, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé jíìnì mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò, gbogbo wọn ló máa fi nọ́ńbà ńlá yangàn. Ẹ bi wọ́n pé ìdílé mélòó ló ti gba dónọ̀ yìí, kárí ayé, kì í ṣe níbí nìkan. Ẹ tún bi wọ́n pé tí nǹkan bá ṣe dónọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún ńkọ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ló wá sọ ìtàn ìdílé ẹ̀ fún wa, ìyá ẹ̀ ò tíì pé àádọ́ta, jẹjẹrẹ ọyàn tó máa mú ìyá ẹ̀ lẹ́ni ọdún 55 kò tíì ṣẹlẹ̀, kò sí bó ṣe máa wà nínú fọ́ọ̀mù. Ní ìpínlẹ̀ Colorado lọ́hùn-ún, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2025 ní kí àwọn báńkì àtọ̀ àti ẹyin máa béèrè ìròyìn ìlera tuntun lọ́wọ́ dónọ̀ lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n sì fòpin sí dónọ̀ tí ọmọ ò ní lè mọ̀ láé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó tọrẹ láti April 2005, ọmọ lè mọ orúkọ ẹ̀ tó bá pé 18. Àwọn ibi tí wọ́n ṣì ń ṣèlérí àṣírí, mo kàn ń wò wọ́n ni, DNA tí èèyàn ń fi itọ́ ṣe nílé ti tú àṣírí yẹn tipẹ́.

Ìròyìn náà sì gbọ́dọ̀ máa wá láti ọ̀dọ̀ tiyín pẹ̀lú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ tán, tẹ́ ẹ ti pa nọ́ńbà kíliníìkì yẹn rẹ́ lórí fóònù torí pé ẹ ò fẹ́ rántí, tí dókítà bá rí nǹkan lára ọmọ, ẹ padà lọ sọ fún wọn, kódà tí kò bá dá a yín lójú pé ọ̀dọ̀ dónọ̀ ló ti wá. Tẹ́ ẹ bá sì kó kúrò nílé, ẹ fún wọn ní àdírẹ́sì tuntun, torí pé tí ọmọ míì tó wá láti ara dónọ̀ kan náà ní orílẹ̀-èdè míì bá ṣàìsàn, àdírẹ́sì yẹn ni wọ́n máa fi wá yín.